Híítà Tó Gbóná Lẹ́ẹ̀kan Ṣoṣo

Bí híítà yẹn bá ti gbóná ni, Ngaire Tautari ì bá ti parí iṣẹ́ rẹ̀ kí aago mẹ́wàá àárọ̀ tó lù. Ì bá ti buwọ́ lùwé, ì bá ti mu tíì rẹ̀ tán, ì bá sì ti kọjú sí ọ̀nà ìlú Dunedin níbi tí ibùsùn rẹ̀ ti ń dúró dè é. Àmọ́ híítà ò gbóná. Ó ti wa ọkọ̀ ògbólógbòó náà fún kìlómítà mẹ́jọ lórí ọ̀nà tí yìnyín bò funfun, ó ti yí bọ́tìnnì rẹ̀ dé ìdí pupa, fáànù ń han gooro, síbẹ̀ atẹ́gùn tó ń tibẹ̀ jáde kò yàtọ̀ sí tìta. Ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú.

Ó rọra dúró sí ẹ̀bá ọ̀nà, ó fi ọwọ́ méjèèjì há abíyá.

"Blair," ó ní, "híítà tí o ní ó gbóná dà?"

Kọ́ńsítébù Blair Strachan, ọlọ́pàá kan ṣoṣo tí abúlé Hoggetburn ní, fa fìlà bo etí níbi tó jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ọ̀gá, ó gbóná lọ́jọ́rú. Mo búra. Ó gbóná débi pé mo ṣí fèrèsé lójú ọ̀nà."

"Nínú òtútù yìí?"

"Nínú òtútù tó ju èyí lọ, mà."

Ngaire mí kanlẹ̀. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ló ti fi ṣe iṣẹ́ ọ̀tẹ̀lẹ̀múyẹ́, oṣù méjì péré ló kù kó fẹ̀yìn tì, orúnkún rẹ̀ ti fẹ̀yìn tì ṣáájú rẹ̀. Wọ́n ní ẹjọ́ kékeré ni, pé kó kàn wá wo ìwé, kó buwọ́ lù ú. Ó yẹ kó ti mọ̀. Ẹjọ́ tí wọ́n bá ti pè ní kékeré lórí fóònù, òun ló máa ń gba oorun lójú èèyàn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Bernie Cuddihy, bàbá ẹni ọdún mọ́kàndínláàádọ́rin, ni wọ́n fi ṣọ́ adágún omi abúlé. Bí òtútù bá ti mú báyìí, àárọ̀ kùtù ló máa ń jáde lọ lu omi náà wò bóyá ó ti dì tó kí gbogbo agbègbè Maniototo lè wá ṣe eré òkúta ńlá tí wọ́n máa ń tì kó yọ̀ lọ lórí omi dídì. Ní àárọ̀ Ọjọ́rú, nínú kùrukùru tó le bí ògiri, ọkọ̀ kan gbá a lulẹ̀, ó sì lọ. Aago mẹ́sàn-án ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni awakọ̀ táńkà wàrà rí i nínú koríko, ìbàdí ti kán, yìnyín ti dì sí ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó wà nílé ìwòsàn ní Dunedin báyìí, kò tíì la ẹnu sọ̀rọ̀. Dókítà kò lè sọ ìgbà tó ṣubú gan-an. Ó lè jẹ́ aago mẹ́fà, ó lè jẹ́ mẹ́jọ.

Ọkọ̀ tó gbá a kò ṣòro láti rí. Nígbà tó di aago mẹ́sàn-án ààbọ̀, Blair ti bá a nínú ahéré ọkọ̀ Mísíìsì Elspeth Garvie, iná iwájú ti fọ́, òwú ẹ̀wù Bernie kọ́ ara irin rẹ̀. Blair fúnra rẹ̀ ló wà á wá sí àgọ́ ọlọ́pàá, òun náà sì ni Ngaire ń wà yìí. Ẹni tó yá ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́ ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ náà ni Semisi Taufa, ọmọ erékùṣù Tonga tó ń fún wàrà màlúù ní oko kan níwájú adágún náà. Ó yá a, ó sì jẹ́wọ́ pé òun yá a. Ó ní aago márùn-ún ni òun lọ, aago méje kọjá ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ni òun dá a padà, òun ò sì gbá nǹkan kan.

"Kí ló wá jẹ́ kó dá ọ lójú pé irọ́ ló ń pa?" Ngaire bi í.

"Híítà yìí ni, Ọ̀gá. Nígbà tí mo kan ilẹ̀kùn rẹ̀, inú omi lọ́wọ́ọ́rọ́ ló ṣì ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ̀. Mo ní kí ló dé? Ó ní híítà ọkọ̀ Mísíìsì Garvie ò ṣiṣẹ́, òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ gé òun lẹ́sẹ̀. Mo jáde, mo wọ ọkọ̀ yẹn, híítà ń jó mi lójú! Ẹni tó lè pa irọ́ kékeré bẹ́ẹ̀, kí ni kò ní pa irọ́ lé?"

"Ojú lo wí. Ojú rẹ ló ń fẹ́ sí, àbí ẹsẹ̀?"

Blair ronú. "Ojú. Gíláàsì iwájú ló ń fẹ́ sí."

"Ìwọ lo yí i síbẹ̀?"

"Rárá o. Mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, àfi sítíárì àti fèrèsé."

Ngaire fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn. Ó yí ọkọ̀ padà, ẹnu rẹ̀ ń gbọ̀n.

*

Nígbà tí wọ́n máa fi dé àgọ́, Mísíìsì Garvie ti wà níbẹ̀. Ẹni ọdún méjìlélọ́gọ́rin ni, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúró ṣánṣán, ó gbé abọ́ ọbẹ̀ àgùntàn lọ́wọ́. Awakọ̀ tó ń pín lẹ́tà ló gbé e wá. Láti Ọjọ́rú ló ti ń gbé oúnjẹ wá fún Semisi. Òun ló kọ́ Blair ní ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì, òun ló kọ́ mẹkáníìkì abúlé, kò sì sí ẹni tó ń ta irun àgùntàn ní agbègbè yẹn tí kò tíì fi rúlà gbá ní ìka rí. Ilé kékeré ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ ni Semisi, ìyàwó rẹ̀ àtàwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjèèjì ń gbé.

"Ẹ ti fi ọmọ yẹn sílẹ̀, àbí ẹ ò tíì fi sílẹ̀?" ló bi wọ́n kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

"Kò tíì yá, mà," Blair dáhùn, ó sì ṣí fìlà bí ọmọ kíláàsì.

"Blair Strachan, o ò mọ ìṣirò nígbà yẹn, o ò sì tíì mọ̀ ọ́n. Inú ọkọ̀ mi ni kọ́kọ́rọ́ máa ń wà tọ̀sán tòru. Ẹnikẹ́ni ló lè gbé e."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́, mà?" Ngaire bi í jẹ́jẹ́.

"Dókítà ti gba láísẹ́ẹ̀sì mi láti ọdún Àjíǹde. Ojú mi yìí." Ó kọjú sí Ngaire, ṣùgbọ́n etí Ngaire ló ń wò, bí ẹni pé ẹ̀gbẹ́ ojú nìkan ló kù tó fi ń ríran. "Semisi ló ń wà mí kiri. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ó ń gbé mi lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú. Ọmọ yẹn ò lè pa eṣinṣin."

Ó da tíì sínú kọ́ọ̀bù fún Ngaire, ó ki ìka kan bọ ètí kọ́ọ̀bù kó lè mọ ìgbà tó kún. Kò dà á sílẹ̀ rárá.

*

Yàrá tí wọ́n ti Semisi mọ́ kò tóbi, òun alára sì kún un. Ọkùnrin bàǹtà-banta ni, àmọ́ ohùn rẹ̀ kéré. Bùláńkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ elésèé àlùkò kan wà léjìká rẹ̀.

"Àǹtí, ẹ káàárọ̀," ó ní. Kò sẹ́ni tó pe Ngaire bẹ́ẹ̀ ní Hoggetburn láti àárọ̀.

"Semisi, wọ́n máa wá mú ọ lọ sí Dunedin ní aago mẹ́rin. O mọ̀?"

"Mo mọ̀. Ṣé wọ́n máa gba ìwé ìgbélùú mi?"

Ngaire ò purọ́ fún un. "Bí ilé ẹjọ́ bá dá ọ lẹ́bi, wọ́n lè dá ọ padà sí Tonga. Ìwọ àti ìyàwó rẹ. Àwọn ọmọ náà."

"Meleane ọmọ mi ò gbọ́ èdè Tonga dáadáa," Semisi wí, ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. "Ibí yìí ni wọ́n ti ń bú u, ibí yìí náà ló sì ti lọ́rẹ̀ẹ́."

"Sọ ti híítà yẹn fún mi."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Òtútù! Àlọ tutù, àbọ̀ tutù. Mo yí i sí ẹsẹ̀, mo fi bùláńkẹ́ẹ̀tì yìí wé orúnkún. Ìjókòó ọkọ̀ yẹn ti dógùn-ún, kì í lọ síwájú, kì í sún sẹ́yìn. Orúnkún mi ń kan sítíárì, ẹsẹ̀ mi sì ń kú lọ."

"Ẹsẹ̀ lo yí i sí. Ṣé o dá a padà sí gíláàsì nígbà tí o délé?"

"Àǹtí, mo ń sá wọlé lọ síbi omi gbígbóná. Ta ló ń ronú híítà?"

Ngaire jáde. Ó jókòó sórí àga ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń fi ọwọ́ pa orúnkún. Ọkọ̀ tutù láago méje ààbọ̀. Ọkọ̀ gbóná láago mẹ́sàn-án ààbọ̀. Ọkọ̀ tún tutù lónìí. Yálà Semisi ń purọ́, tàbí Blair ń purọ́, tàbí ọkọ̀ ní ohun tó ń ṣe é. Èèyàn lè purọ́, ọkọ̀ kì í pa á. Ó dìde, ó lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì.

*

Merv Haddon wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù kan, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló hàn síta.

"Ẹ jáde wá, Merv. Mo fẹ́ kí ẹ wo ọkọ̀ Mísíìsì Garvie."

"Mo ti wò ó lọ́jọ́rú. Iná iwájú ti fọ́."

"Híítà ni mo ń bi yín."

"Ẹ gbọ́, ẹ gbọ́," Merv wí, ó ń yọ́ jáde, òróró dé imú rẹ̀. "Wọ́n gbá èèyàn lulẹ̀, híítà ni ọlọ́pàá Dunedin ń wá. Ṣé òtútù ń mú yín ni, Sájẹ́ǹtì? Ẹ sọ ọ́ jáde, kí n fún yín ní ṣẹ́ẹ̀tì."

Síbẹ̀, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Omi kún dáadáa, kò dín. Ó tan ẹ́ńjìnnì, ó jẹ́ kí Ngaire wà á lọ wà á bọ̀ lójú ọ̀nà, ó wá ní kó fọwọ́ kan rọ́bà omi méjèèjì tó wọ inú híítà.

"Báwo ni?"

"Ó lọ́wọ́ọ́rọ́. Méjèèjì."

"Ẹ̀n-ẹ́ẹ̀n. Tí inú híítà bá dí ni, ọ̀kan á gbóná, èkejì á tutù. Kò dí. Ẹ yí bọ́tìnnì." Ngaire yí i, wáyà kékeré kan sún nínú ẹ́ńjìnnì. "Wáyà ò já. Fáànù ń fẹ́. Ẹ wo géèjì ooru yẹn, ṣé ọwọ́ rẹ̀ kúrò nílẹ̀?"

"Kò kúrò."

"Kò lè kúrò. Ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ ni kò gbóná, ibo ni híítà á ti rí ooru? Tẹmositáàtì ni."

Irú èyí Ngaire mọ̀: irin kékeré tó ń dí omi lọ́nà títí ẹ́ńjìnnì á fi móoru. "Ó ti bàjẹ́?"

"Kò sí níbẹ̀ rárá! Alasdair, ọkọ Mísíìsì Garvie, ló yọ ọ́ sọ nù lọ́dún méjìlá sẹ́yìn. Ọkọ̀ ń hó lórí òkè ní ìgbà ẹ̀rùn, ó bínú, ó fi sípánà yọ ọ́. Ó ní òun á dá a padà bí òtútù bá dé. Ó kú, kò dá a padà."

"Nítorí náà, híítà ọkọ̀ yìí kì í gbóná."

"Kì í gbóná nínú òtútù. Àfi tí páálí bá wà níwájú rédíétọ̀."

Ngaire gbé ojú sókè. "Páálí wo?"

"Páálí tí ẹ máa fi dí ẹnu rẹ̀ kí atẹ́gùn má baà wọlé. Páálí tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Èyí tí mo yọ nígbà tí Blair ní kí n tú iwájú ọkọ̀ kí òun ya fọ́tò."

Ngaire wo Merv. Ó wo Blair tó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Merv. Ẹ yọ nǹkan kúrò lára ọkọ̀ tí wọ́n fi gbá èèyàn, ẹ ò sọ fún ẹnikẹ́ni?"

"Háà, Sájẹ́ǹtì! Ṣé kí n tún wá máa sọ fún yín pé ọkọ̀ náà ní táyà mẹ́rin? Láti oṣù kẹfà tí òtútù ti dé, ọkọ̀ àtijọ́ wo ni kò ní páálí níwájú ní Maniototo yìí? Bàbá mi fi páálí sí i, bàbá bàbá mi fi àpò sí i!"

"Ìwọ náà rí i, Blair?"

Ojú Blair pọ́n. "Mo rí i, Ọ̀gá. Àmọ́ páálí ni."

Ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé afẹ́fẹ́ ni. Ngaire dijú. Ilẹ̀ olóoru ní àríwá lọ́hùn-ún ni wọ́n ti bí i, níbi tí ọsàn ti ń so lẹ́yìnkùlé, kò sẹ́ni tó ń fi páálí dí iwájú ọkọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó bá dàgbà sínú nǹkan kì í rí i mọ́. Ọjọ́ méjì gbáko ni ẹ̀rí fi wà lójú gbogbo abúlé, wọ́n ń wò ó, wọn ò rí i.

"Ẹ ti sun ún, àbí?"

"Rárá o, páálí tó dáa ni. Ó wà lábẹ́ ọkọ̀ akẹ́rù yẹn, òróró ń kán sí i lórí."

Blair wọ́ ọ jáde. Ó nípọn, wọ́n fi ọ̀bẹ gé e ní kánjúkánjú, ẹ̀gbẹ́ kan jágajàga. Òróró ti bo ìdajì rẹ̀, àmọ́ lábẹ́ òróró náà, ẹnì kan ti fi gègé dúdú kọ lẹ́tà ńláńlá: SEMISI.

Blair pàtẹ́wọ́. "Ọ̀gá, ọ̀rọ̀ ti tán! Orúkọ ẹ̀ rèé gàdàgbà!"

Ó wu Ngaire kó tán. Ó wù ú gan-an ni. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kó tán.

"Blair, jókòó," ó ní níkẹyìn. "Tí Semisi bá fi páálí síwájú ọkọ̀ kó tó lọ síbi iṣẹ́, ṣé ẹsẹ̀ rẹ̀ á tutù?"

"Rárá, á gbóná. Ìyẹn ni mo ń wí, irọ́ ló ń pa."

"O bá ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú omi kó tó mọ̀ pé o ń bọ̀. Ta ló ń fi omi tan ara rẹ̀ jẹ? Ẹsẹ̀ yẹn tutù lóòótọ́."

"Bóyá ó fi páálí sí i nígbà tó ti délé."

"Kí ló fẹ́ fi ṣe? Ọkọ̀ ti wọ ahéré, iṣẹ́ ti tán, òun náà ń sá wọlé. Kò sẹ́ni tó ń fi páálí sí ọkọ̀ tí kò fẹ́ wà."

Merv gbé ọwọ́ kúrò ní ìbàdí. "Ọ̀rọ̀ rèé o."

"Ẹlòmíràn wa ọkọ̀ yẹn láàárín aago méje ààbọ̀ sí mẹ́sàn-án," Ngaire wí. "Ẹni tó mọ àṣà páálí. Ẹni tó nílò kí gíláàsì iwájú mọ́ ju kí ẹsẹ̀ rẹ̀ gbóná lọ."

Blair gbé páálí náà, ó tẹ̀ lé e jáde.

*

Nígbà tí Ngaire na páálí náà sí Semisi, kò wo orúkọ rẹ̀ rárá. Ibi tí wọ́n gé ló fọwọ́ kàn.

"Ta ló ba èyí jẹ́?" ó ní. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún dénú. "Àǹtí, páálí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Ó nípọn. Irú rẹ̀ ni mo fi ń di ẹrù ránṣẹ́ sí ìyá mi ní Tonga, aṣọ, ọṣẹ, ẹran inú agolo. Gbogbo ilé ni mo ti ń tọrọ ẹ̀. Èèyàn kì í fi ọ̀bẹ kan irú èyí!"

"Ta ló kọ orúkọ rẹ sí i?"

"Mísíìsì Garvie. Ó bá mi gbà á ní ṣọ́ọ̀bù, ó kọ orúkọ mi sí i kí ẹnikẹ́ni má baà mú un. Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun ló sọ fún mi pé ó wà nínú ahéré. Nígbà tí mo wò ó láàárọ̀ Ọjọ́rú tí mo dé, ó wà níbẹ̀, odindi. Òtútù ni kò jẹ́ kí n gbé e. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà tó gbé ọbẹ̀ wá síbí, mo ní kó jọ̀ọ́ bá mi gbé e wọlé, ó ní eku ti jẹ ẹ́."

Blair jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Rárá," ó wí. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́. Kì í ṣe Mísíìsì."

Aago méjì ti kọjá. Ngaire wo inú ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìyá arúgbó náà ti ń dúró de abọ́ ọbẹ̀ rẹ̀.

Ó mọ̀ pé òun ò ní ẹ̀rí tó tó. Orúkọ tó wà lára páálí, Semisi ni. Ọ̀rọ̀ nípa eku, ẹnu Semisi nìkan ló ti jáde. Bó bá bi ìyá yìí léèrè lójúkojú, á sẹ́, abúlé á sì gbà á gbọ́, àwọn ará Dunedin á mú ọmọ Tonga lọ láago mẹ́rin.

"Mísíìsì Garvie," ó ní, "a ti parí iṣẹ́ lára ọkọ̀ yín. Ẹ jẹ́ kí n fi gbé yín délé."

*

Wọ́n fi Merv sílẹ̀ kó máa ṣọ́ àgọ́. Ó ń ráhùn pé òun ò gba owó oṣù ọlọ́pàá. Blair jókòó sẹ́yìn, Mísíìsì Garvie jókòó síwájú, ó fi àpò rẹ̀ sí orí itan. Ngaire tan híítà dé ìdí pupa.

Wọ́n rin kìlómítà mẹ́ta. Èémí wọn ti ń di yìnyín sí gíláàsì. Wọ́n rin márùn-ún. Ìyá arúgbó náà ń fọwọ́ ra ọwọ́, ó fa kóòtù mọ́ra, ó na ìka síwájú ihò atẹ́gùn, ó tún fà á padà.

"Òtútù inú ọkọ̀ yìí mà pọ̀ o," ó ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

Kìlómítà méjì míì. Eyín rẹ̀ ń kọlu ara wọn. Ojú rẹ̀ le bí ojú olùkọ́ tó bá kíláàsì ní ìdọ̀tí.

"Áà, ṣé wọn ò láròjinlẹ̀ ni? Ta ló yọ páálí mi kúrò?"

Ngaire mú ẹsẹ̀ kúrò lórí ìtẹ̀. Ọkọ̀ náà rọra ń yí lọ títí ó fi dúró. Fáànù nìkan ló ń ké. Ngaire pa á.

"Páálí wo, mà?" ó bi í. Ó rẹ̀ ẹ́ débi pé ohùn rẹ̀ ò jáde dáadáa. "Semisi wa ọkọ̀ yìí láàárọ̀ Ọjọ́rú, kò sí páálí. Òtútù fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á. Ní aago mẹ́sàn-án ààbọ̀ tí Blair dé, páálí ti wà. Ẹ ní ẹ ò wa ọkọ̀ láti ọdún Àjíǹde. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé páálí wà níbẹ̀?"

Mísíìsì Garvie gbọ́ ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ nígbà yẹn. Ngaire rí i bó ṣe gbọ́ ọ. Ó jókòó ṣánṣán, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ fèrèsé, níbi tí ojú rẹ̀ ti ríran díẹ̀.

"Mo kọ́ yín dáadáa, Blair," ó wí. "Ó yẹ kí o ti mọ̀ ọ́n fúnra rẹ."

"Mi ò fẹ́ mọ̀ ọ́n, Mísíìsì," Blair wí láti ẹ̀yìn. Ó ń sunkún.

"Ọmọbìnrin mi ń bọ̀ láti Christchurch lọ́la. Ó ti gba yàrá fún mi ní ilé àwọn arúgbó. Mo ní kí n wa ọkọ̀ mi lẹ́ẹ̀kan sí i, kí n tó di ẹrù tí wọ́n ń gbé kiri. Kí n kàn dé adágún, kí n padà. Semisi ti wọlé lọ. Mo gé páálí, mo yí híítà sí gíláàsì kí n lè ríran." Ó di àpò orí itan rẹ̀ mú. "Mo rò pé àgùntàn ni. Ẹ̀wù funfun ló wọ̀. Mo ti gbá àgùntàn rí, wọ́n máa ń dìde."

"Ẹ dúró?"

"Mo dúró. Mo ṣí fèrèsé. Mo gbọ́ ohùn kan, mo sọ fún ara mi pé atẹ́gùn ni." Ó yí ojú sí Ngaire, sí etí rẹ̀. "Ogójì ọdún ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ pé bí irú kùrukùru yẹn bá ti bolẹ̀, atẹ́gùn kì í fẹ́. Mo mọ̀. Bí mo ṣe ń wakọ̀ lọ ni mo mọ̀."

"Ẹ sì jẹ́ kí Semisi wà ní àtìmọ́lé fún ọjọ́ méjì."

"Mo ń gbé ọbẹ̀ lọ fún un," ìyá náà wí, ohùn rẹ̀ sì já níbẹ̀.

Ngaire fẹ́ bínú sí i. Ó wá ìbínú náà kiri inú ara rẹ̀, àárẹ̀ nìkan ló bá. Ní gbogbo ọdún iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ń gbàdúrà pé kí òun mú ẹnì kan tí òun kórìíra, lẹ́ẹ̀kan péré, kí òun lè sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ó yí ọkọ̀ padà sí abúlé.

*

Aago mẹ́rin ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó ṣílẹ̀kùn yàrá Semisi. Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un lórí ìdúró, nítorí bó bá jókòó, kò ní lè dìde mọ́. Ó ní kó máa lọ sílé, kò sẹ́ni tó máa fọwọ́ kan ìwé rẹ̀, àwọn ọmọ rẹ̀ ń dúró dè é.

Semisi fi ọwọ́ bo ojú. Èjìká rẹ̀ ń mì fún ìgbà díẹ̀. Ngaire ń dúró de èébú, ó ti múra tán láti gbà pé èébú náà tọ́. Ṣùgbọ́n Semisi nu ojú, ó bọ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ká a ní ẹ̀ẹ̀mẹrin, ó wo ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbi tí ìyá arúgbó náà jókòó sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ Blair.

"Inú yàrá yìí tutù, Àǹtí," ó ní, ó na bùláńkẹ́ẹ̀tì náà sí i. "Ẹ fún un."

Ngaire gbà á.

"Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ńkọ́?" Semisi bi í. "Ta ni yóò gbé e lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ojú?"